Láti Ọ̀kẹ́ Méjì dé Náírà Kan: Ọ̀rọ̀ lórí Owó Àwọn Orílẹ̀-èdè àti Àwọn Tí Ń Ru Ẹrù Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa owó ní Ìlọrin, ìlú tí àwọn oníṣòwò láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ ti ń pàdé tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibẹ̀ ní 1908. Ohun mẹ́ta ni mo mú wá nínú àpò mi. Ìkíní ni owó ẹyọ kan ṣoṣo, tí ó funfun, tí wọ́n ti lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìkejì ni kọ́bọ̀ oníhò kan tí wọ́n rọ ní 1952. Ìkẹta ni náírà kan onírin, irú èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa kó jáde ní 2007, tí àwòrán Herbert Macaulay wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ lónìí, mo na náírà náà sí ọmọ kan tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́bàá títì. Ó gbà á, ó wò ó, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn ò ná an."

Owó tí ọmọ náà kò gbà yẹn, ìgbà kan wà tí ó tó ẹrù ọkùnrin alágbára méjì. Kì í ṣe àsọdùn, mo máa ṣí ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín láìpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé owó orílẹ̀-èdè kì í kú nítorí pé irin rẹ̀ dípẹtà tàbí nítorí pé bébà rẹ̀ ya. Ìgbà tí àwọn tí wọ́n ń gbà á bá kọ̀ ọ́ ni ó ń kú, ẹni tí ó bá sì pẹ́ jù lọ kí ó tó gbọ́ pé wọ́n ti ń kọ̀ ọ́ ni ó máa ń san gbèsè òkú náà. Mo ti ka ìtàn owó ilẹ̀ Jámánì, ti Ṣáínà àti ti Zimbabwe, mo sì gbà pé kò sí ẹ̀kọ́ kan nínú gbogbo wọn tí owó ẹyọ kò ti kọ́ àwọn baba ńlá wa ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èdè wa kò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ìyá kan bá sọ pé okòó, owó ogún ni ó ń sọ, ogún ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sójú okùn kan, àádọ́ta okùn ni ó ń di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, àpò tí wọ́n ń kó owó náà sí ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà kì í kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọ́n a da owó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n a jókòó tì í, wọ́n a máa fi ìka wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀, ojú wọn kò sì ní kúrò lára òkìtì náà, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣìnà ní ẹgbẹ̀rún kan yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni. Mo gbà tọkàntọkàn pé inú owó yìí ni ìṣirò Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo ìdín àti ìlé rẹ̀, ti gbó dé ibi tó gbó dé, nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í ṣe ti inú odò wa. Láti erékùṣù Maldives, ní àárín Òkun Índíà, ni ó ti ń bọ̀. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò tí ó ń tọ ọ̀nà òfin Mùsùlùmí tí a ń pè ní Mọ́líkì bíi tiwa, gbé ibẹ̀ ní 1343 sí 1344, ó tilẹ̀ ṣe adájọ́ fún wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún dínárì wúrà kan ní ibẹ̀, pé bí ẹyọ bá sì pọ̀ lọ́jà, dínárì kan a máa gba tó 1,200,000. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ó dé ilẹ̀ Málì àti ìlú Gao, ó sì tún rí ẹyọ kan náà tí wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n 1,150 péré ni dínárì wúrà kan níbẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ẹyọ kan náà ni, kò tóbi sí i, kò sì dára sí i. Àmọ́ òkun àti aṣálẹ̀ tí ó là kọjá ti sọ ọ́ di ohun tí iye rẹ̀ fi ìlọ́po tí ó lé ní 300 ga ju ti ìdí rẹ̀ lọ. Jíjìn ọ̀nà ni ó ń ṣọ́ iye owó náà. Kò sí ọba kan nílẹ̀ wa tí ó lè gbìn ín sóko, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní i, ó ní i nítorí pé ó ta nǹkan ni.

Àwọn Pọtogí, àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá òwò náà lọ́nà, wọ́n sì sọ ọ́ di òwò ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì, wọ́n ń kó o dé Amsterdam àti London, wọ́n ń fi ìwọ̀n tà á níbẹ̀, àwọn tí wọ́n rà á sì ń kó o wá sí etíkun wa. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n wà níbí: ọ̀pọ̀ nínú owó ẹyọ tí ó wọ ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Dàhòmì, èèyàn ni wọ́n fi rà á. Ẹ máa rántí èyí nígbàkigbà tí ẹ bá rí ẹyọ tí a tò sára aṣọ tàbí sára igbá ẹ̀ṣọ́.

Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì rí i pé irú ẹyọ kan wà ní Zanzibar àti ní etíkun ìlà oòrùn Áfíríkà, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Wọ́n kó o wá ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan lè mú owó wa pọ̀ bí ó ti wù ú, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá ń tẹ bébà láìdúró: ọjà wọ́n, ẹrù owó ń wúwo sí i, ohun tí ẹrù náà lè rà sì ń kéré sí i. Ó dé ibi pé owó iṣẹ́ aláàárù tí yóò ru ọ̀kẹ́ kan láti ìlú kan dé òmíràn lè jẹ ìdá tí ó pọ̀ nínú ọ̀kẹ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyálé tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ sínú ìkòkò láti ọdún pípẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí sí Wídà. Owó wọn ń dín kù nínú ilẹ̀, láìjẹ́ pé olè fọwọ́ kàn án.

Ìṣirò tí mo ṣèlérí nìyí. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ìyá bàbá mi sì ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo. Wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ìwé pé pọ́n-ùn kan ti di náírà méjì, ṣílè kan ti di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì sì ti di kọ́bọ̀ márùn-ún. Mo fẹ́ fi ìmọ̀ mi hàn. Mo mú kọ́bọ̀ márùn-ún tuntun, tí ó ṣì ń dán, mo fi lé ìyá lọ́wọ́, mo ní, "Ìyá, kọ́bọ̀ márùn-ún nìyí o." Ìyá nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó yí owó náà sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó ní, "Sísì ni." Ó tún wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹgbàá ni." Ó sì jù ú sínú igbá. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ ohun tí ó sọ. Nígbà tí owó ẹyọ ń kógbá wọlé, tí owó onírin Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé, àwọn èèyàn wa fi ẹgbàá ẹyọ ṣe sísì kan, wọ́n fi ọ̀kẹ́ kan ṣe ṣílè márùn-ún. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni pọ́n-ùn kan nígbà náà. Bí pọ́n-ùn kan bá sì ti di náírà méjì, ọ̀kẹ́ méjì ni náírà kan: 40,000 ẹyọ. Òun ni owó tí ọmọ olómi dá padà fún mi láàárọ̀ yìí.

Àwa nìkan kọ́ ni ẹyọ ṣe owó fún. Nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà, àmì tí wọ́n fi ń kọ ẹyọ wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn tí ó bá jẹ mọ́ rírà, títà àti ọrọ̀, nítorí pé àwọn náà ka ẹyọ sí ohun iyebíye ní èyí tí ó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà tilẹ̀ ṣe ohun tí ó wú mi lórí jù: nígbà tí wọ́n pa pọ́n-ùn tì ní 1965, wọ́n sọ owó tuntun wọn ní sídì, ọ̀rọ̀ tí ó wá láti inú orúkọ tí àwọn Akan ń pe ẹyọ. Orúkọ owó àtijọ́ ni wọ́n fi sọ owó òmìnira. Àmọ́ orúkọ rere kò dáàbò bo owó náà. Nígbà tí ó fi di oṣù keje 2007, wọ́n ní láti gé òdo mẹ́rin kúrò lára rẹ̀, tí 10,000 sídì àtijọ́ di sídì tuntun kan.

Fàdákà àti wúrà ní ìtàn tiwọn. Ní Lydia, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rọ owó tí àmì ọba wà lára rẹ̀, ní ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Jésù. Pọ́n-ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n ni orúkọ rẹ̀: pọ́n-ùn fàdákà kan ni wọ́n ń gé sí kọ́bọ̀ àtijọ́, ìyẹn pẹ́nì, 240. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìṣirò owó ní ilé-ìwé láyé ìgbà náà, ẹ ó rántí pé lẹ́tà "d" ni wọ́n fi ń dúró fún kọ́bọ̀, èyí tí ó ń ya gbogbo ọmọ lẹ́nu. Denarius, owó fàdákà àwọn ará Róòmù, ni "d" náà. Denarius yìí kan náà ni ó di dínárì lẹ́nu àwọn Lárúbáwá. Ní nǹkan bí 697, Khalifa Abd al-Malik ní Damásíkù yọ àwòrán ọba kúrò lára owó wúrà, ó fi ọ̀rọ̀ Kùránì rọ́pò rẹ̀. Ríyà tí àwọn alálàájì wa ń ṣẹ́ lọ sí Mẹ́kà, láti inú owó Sípéènì tí ń jẹ́ real, èyí tí ó túmọ̀ sí "ti ọba", ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Owó fàdákà ńlá tí ó jẹ́ real mẹ́jọ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní dọ́là, wọ́n yá orúkọ náà láti ara tálà, owó fàdákà tí wọ́n ń rọ ní àfonífojì Joachimsthal, ní ilẹ̀ tí ó ti di Czech, láti nǹkan bí 1520. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣòfin owó tirẹ̀ ní 1792, dọ́là yìí ni ó mú. Ríyà àti dọ́là, ará ilé kan náà ni wọ́n.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí dínárì, nítorí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ẹni tí ó bá ti lọ sí yìgì ní ìlú yìí yóò ti gbọ́ rúbúù dínárì, ìdá mẹ́rin dínárì wúrà kan, tí í ṣe òpin ìsàlẹ̀ sàdáàkì lọ́dọ̀ àwa tí a ń tọ ọ̀nà Mọ́líkì. Kò sí ìlú kan tí ń ná dínárì wúrà náà mọ́. Dínárì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin ó lé díẹ̀, ìdá mẹ́rin rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní gíráàmù kan, nítorí náà àwọn ààfáà wa máa ń wo iye tí wúrà jẹ́ lọ́jà kí wọ́n tó sọ iye náírà tí ó bá a dọ́gba. Mo ti jókòó nídìí yìgì tí àwọn àgbà ti ń jiyàn lórí rẹ̀, nítorí pé iye tí wọ́n lò fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó ní ọdún méjì ṣáájú kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń pè fún àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan ní wúrà ti wọ́n. Ààfáà kan tí ó ti dàgbà dá a lóhùn pé gíráàmù wúrà náà kò yí padà láti ìgbà Abd al-Malik, pé ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni ó ń súnkì. N kò tíì rí onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ó sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀.

Nípa owó bébà, n kò ní pẹ́. Ṣáínà ni ó bí i, ní ìpínlẹ̀ Sichuan, níbi tí owó onírin ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò fi ń kó o sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fọkàn tán, tí wọ́n sì ń gba ìwé lé e. Ìjọba gba iṣẹ́ náà ṣe ní nǹkan bí 1024. Láàrin ọ̀rúndún mélòó kan, ọba kan lẹ́yìn òmíràn ń tẹ bébà ju ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, títí àwọn ará ìlú fi padà sí fàdákà. Ní Jámánì, ní oṣù kọkànlá 1923, dọ́là kan gba máàkì tí ó lé ní tírílíọ̀nù mẹ́rin. Ní Zimbabwe, ní oṣù kìíní 2009, wọ́n tẹ bébà kan ṣoṣo tí iye ara rẹ̀ jẹ́ 100 tírílíọ̀nù dọ́là, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n ti pa owó náà tì, wọ́n ń ná owó àwọn ẹlòmíràn. Owó ẹyọ Zanzibar ni gbogbo rẹ̀, bébà ni wọ́n fi rọ́pò ẹyọ.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ wa ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast (Gánà òde òní), Sàró àti Gáḿbíà pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣílè tuntun kan sóde ní Ìlọrin, ohun tí ó tó ṣílè kan gbọ́dọ̀ ti wà ní ìpamọ́ ní London. Owó náà dúró gbọn-in nítorí èyí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ìyá bàbá mi fẹ́ràn ṣílè rẹ̀ ju gbogbo owó tí ó tẹ̀lé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó túmọ̀ sí: ẹ̀pà, kòkó àti awọ ẹran tí a tà di owó ìpamọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ìlú àwọn ẹlòmíràn, àwa sì ń fi onínní àti kọ́bọ̀ oníhò ṣe ọjà. Owó orí ni ó sì lé gbogbo èèyàn wọ inú rẹ̀, nítorí pé kò pẹ́ tí ìjọba fi kọ̀ láti gba ẹyọ. Ohun tí ìjọba kò bá gbà, ọjà kì í pẹ́ gbà á. Báyìí ni ẹyọ ṣe di ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun ìbọ.

Àwọn aládùúgbò wa lápá ìwọ̀ oòrùn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Bàrùtẹ́ẹ̀n ní ìpínlẹ̀ Kúwárà yìí ló bá wọn pààlà, ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Oṣù kejìlá 1945 ni ìjọba Faransé dá owó sẹ́fà sílẹ̀. Iye rẹ̀ so mọ́ owó Faransé tẹ́lẹ̀, ó sì ti so mọ́ yúrò báyìí, ní 655.957 sí yúrò kan. Ó ní ànfààní: ọjà kì í fò sókè ní Bẹ̀nẹ̀ bí ó ti ń fò níbí. Àmọ́ ní oṣù kìíní 1994, láàrin òru kan, wọ́n gé iye rẹ̀ sí ìdajì sí owó Faransé, àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sì jí ní òwúrọ̀ láti bá a bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi okùn so ẹran mọ́ igi ẹlòmíràn, ìgbà tí onígi bá gé igi rẹ̀ ni yóò mọ̀.

Báńkì Àpapọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, ó sì gbé pọ́n-ùn Nàìjíríà jáde. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó nígbà ogun abẹ́lé, ni a mọ̀ pé ó gé orúkọ Nàìjíríà kúrú tí ó fi di náírà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá orúkọ wọn gba ọ̀nà tí ó dùn mọ́ mi: Botswana sọ tirẹ̀ ní pula ní 1976, èyí tí í ṣe òjò, nítorí pé ilẹ̀ wọn gbẹ, òjò sì ni ìbùkún, Zambia ní kwacha, ilẹ̀ ti mọ́. Àwa fi orúkọ ilẹ̀ wa gan-an sọ tiwa, ìyẹn ni pé nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní náírà kò níye lórí, ìlú wa ni ó ń dárúkọ. Lẹ́nu àwọn ìyá ọjà, pọ́n-ùn kò tilẹ̀ tíì lọ. Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàta, ẹ ṣì lè gbọ́ tí ìyá àgbà kan yóò pe ẹgbẹ̀rún náírà ní àpò márùn-ún, nítorí pé àpò kan ni ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn sì di igba náírà.

Ní 2007, nígbà tí wọ́n tún àwọn owó kéékèèké ṣe, wọ́n yọ lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kọ iye owó ní èdè Haúsá kúrò, wọ́n sì fi lẹ́tà ABD kọ ọ́ ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá. Inú mi dùn láti rí èdè mi lára owó. Síbẹ̀, mo mọ àwọn àgbà ilé kéú ní ìlú yìí tí ó jẹ́ pé lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, tí ó jẹ́ pé "ishirin" (ogún) àti "hamsin" (àádọ́ta) tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dá owó mọ̀ láìbi ọmọ léèrè. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n kí wọ́n tó yọ ọ́.

Àìbèèrè yẹn ni ó gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun pa àwọ̀ owó dà, wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n sì fún ará ìlú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ pààrọ̀ tọwọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé 200, 500 àti 1,000 náírà yóò ní àwọ̀ tuntun, pé òpin ná-an-ná-an àtijọ́ ni ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023. Wọ́n sún un di ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa ná ti àtijọ́ lọ. Kí ìdájọ́ yìí tó dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí òun náà ń ta èlùbọ́, ti kó owó tí ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì kan fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní ọjọ́ kẹrin ẹnì kan ní òun yóò bá a gbà á, pé òun yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Màmá gbà. Nígbà tí a gbọ́ ìdájọ́ náà lórí rédíò, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwọ tó o kàwé, ṣé wọ́n á dá ìdá kan yẹn padà fún mi?" N kò rí èsì fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ètò owó ìlú yìí, àti ẹ̀yin ọmọ tí ọwọ́ yín yóò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú: kí ẹ tó yí owó padà, ẹ kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tí ìròyìn fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ó wà ní abúlé lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán, tí kò ní fóònù olójú ńlá, tí ọjà rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì fi iye ọjọ́ náà kún gbèdéke yín. Owó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2021, eNaira, kò yí èyí padà. Ẹni tí kò lè rí i kò ní gbà á, owó tí a kò bá sì gbà, a ti rí ibi tí ó ń já sí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, bàbá àgbà kan láti Òrò nawọ́ sókè ní ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní òun ní nǹkan láti fi kún un. Ó ní nígbà tí àwọn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan ní agboolé àwọn, ọkọ́ bá ìkòkò ńlá kan nínú ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi àwo dé, wọ́n sì fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ẹyọ ni ó kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ olówó náà, ìyá àgbà jù lọ nínú agboolé kò gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Wọ́n da owó náà sórí ẹní, àwọn obìnrin ilé jókòó tì í, wọ́n sì kà á ní márùn-ún márùn-ún láti àárọ̀ ọjọ́ kan di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó lé díẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan. Bàbá náà bi mí pé èló ni yóò jẹ́ ní ìṣirò ìyá bàbá mi. Mo sọ fún un: àádọ́ta kọ́bọ̀.